Lítà Kan, Iṣẹ́ Mẹ́ta

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi máṣínì jẹun, láti Màṣífà dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ẹ fi ẹsẹ̀ kan lélẹ̀ kí ẹ gbọ́ mi. Mo mọ̀ pé ìdúró ọlọ́kadà kì í pẹ́. Èrò ń bọ̀, ẹni tó gbé máṣínì fún yín sì ń retí owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀. N kò ní dá yín dúró ju bó ṣe yẹ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, ọ̀kan nínú yín wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Kò gun máṣínì rẹ̀ wá, ńṣe ló ń tì í, òógùn ti mú un lọ́rùn. Boxer ni, kò tíì lo ọdún méjì lórí ilẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ó ń ké. Bí mo bá sì gbé èèyàn méjì, ẹ́ńjìnì á máa pariwo ṣùgbọ́n máṣínì ò ní lọ." Mo bẹ̀rẹ̀, mo yọ ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì. Ìdí ọ̀pá náà ló kan ọ́ìlì díẹ̀, ó jìnnà sí ibi tó yẹ kó dé. Mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ra ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀. Dúdú tó dú kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Ọ́ìlì tó bá ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ dú, bí omi tí a fi fọ aṣọ oko ṣe ń dú. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ó ṣàn lọ́wọ́ mi bí omi, ó ń rùn bẹntiróòlù, nígbà tí mo sì gbé ìka sí oòrùn, mo rí i tí nǹkan kéékèèké kan ń tàn yẹ́ríyẹ́rí nínú rẹ̀. Irin ni. Irin inú ẹ́ńjìnì ọmọ yẹn ni mo ń fọwọ́ ra.

Mo bi í pé ọ́ìlì wo ló ń rà. Ó dáhùn kíákíá, ojú kò tì í rárá: "Èyí tó wọ́n jù ni, Bàbá. Ti jíìpù ni. Èmi kì í ra gbàǹjo." Ìgbà wo lo yí i gbẹ̀yìn? Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní nítorí pé ó wọ́n, òun máa ń jẹ́ kó pẹ́, bó bá lọ sílẹ̀ òun á bù díẹ̀ sí i.

Ẹ wò ó, n kò lè bínú sí i. Ohun tó rò pé ẹni tó fẹ́ràn nǹkan rẹ̀ máa ń ṣe ló ṣe. Ó náwó. Ibi tó náwó sí ló ṣì, nítorí pé owó kọ́ la fi ń yan ọ́ìlì máṣínì, iṣẹ́ tí ọ́ìlì náà fẹ́ ṣe ni. Èjìgbò ni wá, ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó ṣòro fún wa. Ta ni kò mọ̀ pé kì í ṣe epo kan náà ni gbogbo òrìṣà ń gbà? Òrí la fi ń kẹ́ òrìṣà funfun, Ògìyán wa sì wà lára wọn. Epo pupa ni ti Ògún. Ẹ gbé epo pupa tó dára jù lọ́jà síwájú òrìṣà funfun, kí ẹ sọ pé ó wọ́n, kí ẹ sọ pé ẹ ò ra gbàǹjo, kí ẹ wá wo ojú tí àwọn àwòrò yóò fi wò yín. (Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n ọmọ ilé ni mí pẹ̀lú.)

Kí ló wá yàtọ̀ láàárín máṣínì àti jíìpù? Nínú mọ́tò, ilé ẹ́ńjìnì wà lọ́tọ̀, ilé jíà wà lọ́tọ̀, kálukú ní ọ́ìlì tirẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, gbígbẹ ni, kì í fojú kan ọ́ìlì. Máṣínì wa kò rí bẹ́ẹ̀. Agbo ilé kan ṣoṣo ni, gbogbo wọn ń mu nínú ìkòkò kan. Nǹkan bíi lítà kan péré ló wà nínú àwọn máṣínì kéékèèké wa, ó lè dín díẹ̀, ó lè lé díẹ̀, ìwé máṣínì yóò sọ fún yín. Lítà kan yẹn ló ń bá pisítìn sáré nínú iná. Òun ló ń wà láàárín eyín jíà kí irin má baà jẹ irin. Inú rẹ̀ náà ni àwọn àwo kílọ́ọ̀ṣì ti ń wẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Lítà kan, iṣẹ́ mẹ́ta, ìkẹta sì ń bá àwọn méjì yòókù jà.

Ìjà tí mo ń wí nìyí. Pisítìn ń fẹ́ kí nǹkan yọ̀. Jíà náà ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì kò fẹ́. Iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ni kí àwo kan di àwo kejì mú, kí agbára ẹ́ńjìnì lè dé orí táyà ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ń yọ̀ lára ara wọn, ẹ́ńjìnì á máa sáré lásán, máṣínì á dúró. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀kọ̀pẹ tó bá wà ní ilé yín: ṣé ó máa ń fi epo ra igbà rẹ̀ kó tó gun ọ̀pẹ? Àwọn tó ń ṣe ọ́ìlì mọ́tò òde òní ń fi oògùn ìyọ̀ sí i, kí mọ́tò má baà jẹ epo púpọ̀. Oore ni fún mọ́tò. Fún kílọ́ọ̀ṣì máṣínì, epo lára igbà ni.

Ó ti ṣe èmi náà rí, ẹ má rò pé mo ń fi yín ṣẹ̀sín. Ní Disẹ́ḿbà kan, nígbà tí àwọn èèyàn wa tó wà ní Àbíjàn ń wọlé, ìbátan mi kan gbé ọ́ìlì lítà márùn-ún wá fún mi lẹ́bùn, ike rẹ̀ ń dán bí wúrà, Faransé ló kún ara rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Inú mi dùn. Mo ṣe fidáàǹjì máṣínì mi lọ́jọ́ náà, bí àwọn ará Àbíjàn ṣe ń pe yíyí ọ́ìlì. Fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ́ńjìnì náà dákẹ́ rọ́rọ́, mo ń fi ṣe fọ́ńté. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo gbé ìyàwó mi àti àpò gàrí kan láti oko. Òkè kékeré kan wà lọ́nà yẹn, kò tó nǹkan tí èèyàn ń pè ní òkè. Ìdajì rẹ̀ ni mo dé. Mo fún un níná, ẹ́ńjìnì ké, máṣínì ń falẹ̀. Mo tún fún un níná, òórùn bí ìwo tó ń jó gba imú mi. Ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀, ó gbé gàrí rẹ̀ lérí, ó fẹsẹ̀ rìn gun òkè, ó sì dúró dè mí lókè níbẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbéyàwó mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Ọ́ìlì náà kò burú. Ọ̀kan nínú èyí tó dára jù tí mo ti fọwọ́ kàn rí ni. Mo fi èyí tó kù fún oníkáà kan, títí dòní ló ń kí mi fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí àṣìṣe wa ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Vẹ́sípà àti Suzuki 100 ló pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ọ́ìlì tó ń tọ́jú pisítìn àwọn yẹn, ọ̀tọ̀ ni. Àti òun àti bẹntiróòlù ló jọ ń wọ ẹ́ńjìnì, wọn á jọ jó, wọn á jọ bá èéfín jáde. Jíà ní tirẹ̀ lábẹ́. Nítorí náà kò sí ẹni tó ń ronú nípa kílọ́ọ̀ṣì nígbà tó bá ń ra ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Ọ̀gá mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, máa ń sọ pé "ọ́ìlì ni ọ́ìlì ń jẹ́." Ìmọ̀ ọ̀gá mi tó fún máṣínì ìgbà ọ̀gá mi. Nígbà tí Boxer àti TVS dé láti Íńdíà, tí wọ́n kún ojú títì, máṣínì yí padà, ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi kò yí, àwa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ń fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tiwa. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu mẹkáníìkì kan lónìí, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn mú ike ọ́ìlì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀.

Kíkà yẹn ni iṣẹ́ gan-an. Àwọn tó lọ síléèwé nínú yín pọ̀, mo mọ̀, mo sì rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì Ọ̀ṣun tí wọ́n ń gun máṣínì lọ síbi ẹ̀kọ́ wọn. Ẹ lè ka gbogbo ohun tó wà lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ kì í ka ara ike ọ́ìlì. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wá ni 4T. Ìyẹn ni pé ti máṣínì ni, ti irú ẹ́ńjìnì tí ọ̀pọ̀ yín ń gùn. Bó bá jẹ́ 2T ló wà níbẹ̀, ti àwọn Vẹ́sípà àti Suzuki àtijọ́ tó ń po epo mọ́ ọ́ìlì nìyẹn. Ẹni tó bá ṣì ní irú rẹ̀ nílé kó wá FC tàbí FD lára rẹ̀, èéfín rẹ̀ kì í pọ̀. Ẹ má da ọ̀kan sílé èkejì láéláé.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá JASO. Orúkọ ẹgbẹ́ àwọn ará Japan tó ń ṣe òfin ìwọ̀n fún ọkọ̀ ni. Àwọn ará Japan ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀ṣì yìí lérí, torí pé wọ́n ń ṣe máṣínì púpọ̀, wọ́n sì rí i pé bí ọ́ìlì mọ́tò ṣe ń yọ̀ sí i ni kílọ́ọ̀ṣì máṣínì ń jìyà. Ní 1998 wọ́n gbé ìwọ̀n kan jáde, wọ́n pín ọ́ìlì máṣínì sí MA àti MB. MA ni èyí tí kílọ́ọ̀ṣì lè di ara mú nínú rẹ̀. MB ń yọ̀ jù ú lọ, ó bá àwọn máṣínì obìnrin tí kò ní jíà tí à ń fẹsẹ̀ yí mu, nítorí pé kílọ́ọ̀ṣì tiwọn kò sí nínú ọ́ìlì. Ní 2006 wọ́n tún MA pín sí MA1 àti MA2. MA2 ló ń di ara mú jù. Bí máṣínì yín bá ní kílọ́ọ̀ṣì tí ẹ ń fọwọ́ tẹ̀ àti jíà tí ẹ ń fẹsẹ̀ yí, JASO MA tàbí MA2 ni kí ojú yín máa wá. Bí ẹ kò bá rí JASO rárá, tí ẹ wá rí "Energy Conserving" tàbí "Resource Conserving" nínú òrùka kékeré tó wà lẹ́yìn ike, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ti oníkáà ni.

Ẹ óò tún rí lẹ́tà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ API, orúkọ ẹgbẹ́ àwọn elépo Amẹ́ríkà: SG, SJ, SL, SN. S fi hàn pé ti ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù ni, lẹ́tà tó tẹ̀lé e ń sọ ìran tó jẹ́, bó ṣe ń lọ síwájú ló ń di tuntun. Ẹ ra èyí tí ìwé máṣínì yín bá dárúkọ tàbí tó lọ síwájú jù ú lọ, kí ẹ má sì pẹ́ lórí rẹ̀. JASO ló ṣe pàtàkì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ḿbà wá kù. Èyí ni èrò máa ń jiyàn lé lórí jù ní ṣọ́ọ̀bù mi. 20W-50, 10W-40, 10W-30, 40 lásán. Púpọ̀ nínú yín gbà pé W yẹn dúró fún ìwúwo. Rárá o. Ìgbà òtútù òyìnbó ni, winter. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà tí à ń pè ní SAE ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ḿbà wọn bí ọ́ìlì ṣe ki tó, láti 1911. Ẹni tó bá ti ta ẹ̀kọ rí, tàbí tí ìyá rẹ̀ ta á, ti mọ ìyókù. Ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná ń ṣàn. Bó bá tutù tán, ó dì. Epo pupa náà, ẹ wò ó láàárọ̀ ọyẹ́, ó ti sùn sínú ìgò, ẹ tún wò ó lọ́sàn-án. Gbogbo ọ́ìlì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ḿbà tó wà níwájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣe nígbà tó bá tutù: bó bá ṣe kéré sí i ló ṣe ń tètè ṣàn. Nọ́ḿbà ẹ̀yìn ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná, wọ́n sì ń wọn ìyẹn ní 100 lórí ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, ibi tí omi ti ń hó. 40 tí kò ní W lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbígbóná nìkan ni wọ́n wọn. Òwúrọ̀ tirẹ̀ kò sí ẹni tó ṣèlérí fún yín.

Kí ni ti Èjìgbò nínú èyí? A kò ní yìnyín. Ọyẹ́ wa ń gbẹ ètè, kì í sọ omi di òkúta. Nítorí náà 20W tó fún òwúrọ̀ wa. Ọ̀sán ló ń jẹ wá níyà. Máṣínì wa kò ní omi tó ń tù ú lára bíi ti mọ́tò, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń fẹ́ ẹ. Ẹ wá gbé èèyàn méjì àti ẹrù ẹ̀gẹ́ sórí rẹ̀, lójú ọ̀nà oko tí ẹ kò ti lè sáré, nínú oṣù Ẹrẹ́nà, níbo ni atẹ́gùn yẹn fẹ́ gbà wá? Ọ́ìlì ló ń ru ooru náà. Ìdí nìyẹn tí 20W-50 fi bá Boxer àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ mu, tí a sì ń rí i káàkiri. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di òfin fún gbogbo máṣínì. Àwọn kan wà, Honda pọ̀ nínú wọn, tí àwọn tó ṣe wọ́n ní 10W-30 ni kí wọ́n máa mu, torí pé ihò tí ọ́ìlì ń gbà nínú wọn tín-ínrín. Bí ẹ bá da èyí tó ki sínú wọn láàárọ̀, ọ́ìlì á pẹ́ kó tó gòkè, irin á sì ti fi gbígbẹ yí lórí irin. Ìwé máṣínì kò purọ́ fún yín. Bí ìwé bá ti sọnù, ẹ wo orí ìdérí ibi tí ẹ ń da ọ́ìlì sí àti ara ẹ́ńjìnì, ọ̀pọ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀.

Ọgbọ́n kan tún wà lóde tí mo kórìíra. Bí máṣínì bá ti ń yọ èéfín, ẹnì kan á ní kí ẹ da ọ́ìlì tó ki jù sí i, tàbí oògùn kan tó dà bí oyin. Èéfín á dínkù, òótọ́ ni, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Rííǹgì tó ti jẹ ti jẹ. Ẹ fi owó oògùn yẹn kún owó rííǹgì.

Ní ti synthetic tí gbogbo ènìyàn ń gbé gẹ̀gẹ̀, ó dára, ó ń fara da iná ju ti lásán lọ, kì í sì í tètè gbó. Tí ó bá jẹ́ MA2 tí nọ́ḿbà rẹ̀ sì bá ti yín mu, tí owó sì wà, ẹ rà á. Èmi kò rà á fún máṣínì tó ń sáré kiri ọjà. Ọ́ìlì lásán tí a yí lásìkò sàn ju synthetic tí a fi sílẹ̀ títí ó fi di omi lọ, ẹ rántí ọmọ tó ti máṣínì wá bá mi. Eyín jíà ló sọ ọ́ìlì rẹ̀ di omi. Ẹ mọ ọbẹ̀ ilá tó pẹ́ jù lórí iná, tí wọ́n rò ó, rò ó, rò ó? Kì í fà mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni eyín jíà ń gé ohun tó ń mú kí ọ́ìlì ki. Ìyẹn kò sí nínú ẹ́ńjìnì mọ́tò, nítorí jíà rẹ̀ wà nílé tirẹ̀. Ẹ wá fi bẹntiróòlù tó ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rííǹgì wọlé kún un, ẹ ti mọ ibi tí òórùn yẹn ti wá.

Ìgbà wo wá ni kí a yí i? Máṣínì tuntun, kí ẹ tètè yí ọ́ìlì àkọ́kọ́, láàárín kìlómítà 500 sí 1,000, bí ìwé rẹ̀ bá ṣe wí, torí pé irin tuntun ń ha ara wọn, ohun tó ń bọ́ sì wà nínú ọ́ìlì yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi kì í jẹ́ kí ti ọlọ́kadà kọjá kìlómítà 2,000, bí ìwé bá tilẹ̀ fún wa láyè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó kọ ìwé náà kò rí eruku ọ̀nà wa, wọn kò sì rí èèyàn mẹ́ta lórí àga kan. Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: mítà kò ṣiṣẹ́. Ti ta ló ń ṣiṣẹ́? Ẹ fi bẹntiróòlù kà á. Máṣínì kékeré tó bá ń rin nǹkan bíi kìlómítà 50 lórí lítà kan, bó bá ti mu lítà 40, ó ti rin 2,000. Ẹ máa fàmì sí ògiri. Ọ̀kan nínú yín ń fi ṣọ́ọ̀kì fa igi sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ rò pé gbèsè ló ń kọ. Láti ìgbà tí ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní 2023, kò sí ẹni tí kò rántí iye lítà tó rà.

Bí ẹ bá fẹ́ wọn ọ́ìlì, ẹ gbé máṣínì dúró lórí ẹsẹ̀ méjì rẹ̀, níbi tó tẹ́jú, ẹ má fi lélẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ pa á, ẹ ní sùúrù kí ọ́ìlì padà wálẹ̀. Ẹ nu ọ̀pá náà, ẹ tì í bọ inú. Lára ọ̀pọ̀ máṣínì, a kì í dè é mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá ń wọ̀n ọ́n, a kàn ń gbé e lé ihò ni. Àmì méjì ló wà lára rẹ̀, àárín wọn ni kí ọ́ìlì wà. Àwọn kan ní fèrèsé gíláàsì kékeré dípò ọ̀pá. Ẹ má kún un rékọjá àmì òkè nítorí ìfẹ́. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù á máa ho bí ọṣẹ nínú ẹ́ńjìnì, á máa wá ibi tí yóò gbà jáde, yóò sì rí i. Bí ẹ bá fẹ́ dà á nù, ẹ dà á nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, á gbé ìdọ̀tí jáde. Ẹ fọ asẹ́ tó wà nísàlẹ̀ bí máṣínì yín bá ní in. Kí ẹ sì má fi ipá ọkọ de nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ yẹn, mo ti rí ẹ́ńjìnì tó ya lójú ibẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ló ń dùn mí jù. Ẹ lè ka JASO, kí ẹ ka nọ́ḿbà, kí ohun tó wà nínú ike má jẹ́ ohun tó wà lára rẹ̀. Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ìyẹn ọ́ìlì tó ti gbó tí a dà nù ní ṣọ́ọ̀bù, ní àwọn oníbàárà gidi: àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ń fi pa ara mọ́ọ̀dù, àwọn káfíńtà ń fi kun igi kí ikán má baà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá kan wà tó ń ra tirẹ̀ lálẹ́, tó ń sẹ́ ẹ, tó ń fi nǹkan yọ dúdú ara rẹ̀, tó sì ń rọ ọ́ sínú ike tuntun. Mo ti rà á rí. Ẹni tó tà á fún mi, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ó ti kúrò níbi tó ti ń tajà. Nítorí náà ẹ wo òrùka ìdérí, ṣé ó ti já rí? Ẹ wo bébà tó wà lẹ́nu ike lábẹ́ ìdérí, ṣé gọ́ọ̀mù la fi lẹ̀ ẹ́ padà? Ẹ wo déètì àti nọ́ḿbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, ẹ fi ìka ra á, ṣé ó ń parẹ́? Èyí tí wọ́n ṣe nílẹ̀ wa níbí gbọ́dọ̀ ní àmì MANCAP ti SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà. Ẹ gbé e sí oòrùn, kí ẹ wo ìdí rẹ̀, ṣé nǹkan ti sùn síbẹ̀? Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀, ọ́ìlì tuntun kì í rùn jíjó. Gbogbo èyí, ọlọ́gbọ́n ayédèrú lè ṣe é. Ẹni tí kò lè ṣe ayédèrú rẹ̀ ni oníṣọ́ọ̀bù tí ẹ mọ ilé bàbá rẹ̀. Ọ́ìlì tí wọ́n ń wọ̀n nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́bàá ọ̀nà, n kò tilẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ lé e.

Mo tú máṣínì ọmọ ọjọ́ Ajé yẹn. Àwo kílọ́ọ̀ṣì ti jó dúdú, ó ń rùn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rántí rẹ̀ láti orí òkè ọjọ́ yẹn. Rííǹgì náà ti jẹ. Ó lọ ra méjèèjì, ó yá owó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti fi rà wọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó fúnra rẹ̀ ra lítà ọ́ìlì kan wá, ó kọ́kọ́ gbé e wá síwájú mi, ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, 4T, JASO MA2, 20W-50." Ó kà á bí ọmọ kéú tó ń ka wàláà. Iye rẹ̀ kò tó ìdajì èyí tó ń rà tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ó dà á tán, ọmọdé kan tó ń ṣa ike kiri ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́. Mo mọ ibi tí àwọn ike yẹn ń lọ. Mo gba ike náà lọ́wọ́ ọlọ́kadà, mo fi ọ̀bẹ là á láàárín. Mo fún ọmọ náà ní ìdí rẹ̀. Apá òkè, pẹ̀lú ẹnu tóóró yẹn, mo dojú rẹ̀ kọlẹ̀, mo fi sí orí pẹpẹ irinṣẹ́ mi. Òun ni àrọ tí mo fi ń da ọ́ìlì láti ọjọ́ náà.